Bàbá Oníbúrẹ́dì àti Àwa Onídìrí Lithonia

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní kí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ máa wá sọ bí a ṣe ṣe é, kí àwọn tó yan ohun tí àwọn yóò fi ayé wọn ṣe. Wọ́n ti pe nọ́ọ̀sì. Wọ́n ti pe onímọ̀ kọ̀ǹpútà àti ọkùnrin kan tó ń bá èèyàn ta ilé. Nígbà tó kàn mí, mo rí àwọn méjì kan lẹ́yìn tí wọ́n ń wo ara wọn, bí ẹni ń sọ pé kí ni onídìrí fẹ́ rí sọ? Mo rí yín o. Ẹ jókòó dáadáa. Kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń mú èèyàn jókòó pẹ́ bí onídìrí. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà ni mo kọ sílẹ̀ yìí, mo kàn fi èyí tí àkókò kò jẹ́ kí n sọ kún un.

Fọláṣadé ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà márosẹ̀ I-20 lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, láti Lithonia títí dé Conyers, Àǹtí Ṣadé ni gbogbo ayé ń pè mí. Irun ni mo dì jẹun. Mo dì í ní Ìbàdàn, mo dì í ní Marietta, mo dì í ní Lithonia títí ìka ọwọ́ mi fi sọ fún mi pé ó tó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tó ń wọlé, kó lọ bi àwọn ọmọ mi tí wọ́n fi owó náà kàwé. Iṣẹ́ náà gan-an ni mo fẹ́ sọ, àti ìjà tí a jà nítorí rẹ̀, tí a sì ṣẹ́gun.

Ìyá Rẹ̀mí ni ọ̀gá mi, ní Òkè-Àdó. Màmá mi mú mi lọ síbẹ̀ nígbà tí mo parí ìwé mẹ́wàá, àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ díẹ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo ti ń gbálẹ̀. Mo rò pé tí mo bá gbálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn yóò gbé orí èèyàn fún mi. Irọ́ ni. Irun títú ni Ìyá Rẹ̀mí kọ́kọ́ gbé fún mi, mo sì tú irun onírun títí ó fi sú mi. Ẹni tó bá wá láti di tuntun, èmi ni n óò tú ti àtijọ́. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tú kò gbọdọ̀ dì í. Ìgbà tó yá ni mo tó rí ohun tó ń wí. Ẹni tó ń tú irun ló ń rí ibi tí onídìrí ti pa orí lára: awọ tó ti wú, iwájú orí tó ti ń pá, irun tó ń já lọ́wọ́ ẹni bí òwú tó ti gbó.

Ìyá Rẹ̀mí kì í na ọmọṣẹ́. Ìyà tirẹ̀ burú ju ẹgba lọ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jẹ́ kí n di orí oníbàárà, mo fẹ́ kó rí i pé ọwọ́ mi dá ṣáṣá, mo wá fà á le. Obìnrin náà kàn ń ṣẹ́jú. Nígbà tó lọ tán, ọ̀gá mi pè mí, ó fi mí sí àárín orúnkún rẹ̀, ó sì di ṣùkú fún mi. Ó le débi pé ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má padé mọ́.

Ó ní, "Lọ fi sùn."

Mo dùbúlẹ̀ sí òsì, kò gbà. Mo dùbúlẹ̀ sí ọ̀tún, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo padà sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ó ń mu ẹ̀kọ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Fọláṣadé, ṣé o gbàgbé pé o ní orí lálẹ́ àná?"

"Rárá, mà."

"Orí tí wọ́n dì dáadáa, olórí rẹ̀ á gbàgbé rẹ̀ ni. Ìyẹn ni iṣẹ́ wa. Kó dára lójú, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí olórí gbàgbé rẹ̀ ni iṣẹ́."

Mo bínú sí i gan-an lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo sì jẹ láyé mi.

Gbogbo yín mọ̀ pé ọmọ tó bá kọ́ṣẹ́ nílé, ọ̀gá rẹ̀ ló máa fún un ní fríìdọ́ọ̀mù. Wọn á gbàdúrà, wọn á jẹ, wọn á ya fọ́tò. Ti Ìyá Rẹ̀mí ní nǹkan mìíràn nínú. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ fríìdọ́ọ̀mù, ọmọṣẹ́ ni yóò di orí ọ̀gá. Ọ̀gá á fi sùn. Bí ó bá di àárọ̀, lójú ìyá ọmọ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò, ọmọ á kúnlẹ̀, ọ̀gá á sì sọ bí òun ṣe sùn. Bí ó bá ní orí ń dun òun, oúnjẹ á tutù, àlejò á lọ, ọmọ á padà sẹ́nu ẹ̀kọ́. Ẹ̀gbọ́n kan tó ṣáájú mi ni wọ́n dá padà bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tó ti se ìrẹsì. Ọjọ́ tó kàn mí náà dé.

Mo kúnlẹ̀. Ìyá Rẹ̀mí jáde wá, ó kí bàbá téló, ó kí ìyá aláṣọ, ó bèèrè tíì, ó mu tíì náà tán. Orúnkún mi ti ń pariwo. Lẹ́yìn náà ló tó wò mí.

"Mo sùn," ló wí. "Mo gbàgbé rẹ̀. Dìde. Oníṣẹ́ ni ọ́."

Ó fi òòyà onígi kan lé mi lọ́wọ́, onífọ́tò sì yà wá bí mo ṣe ń dìde, orúnkún kan ṣì wà nílẹ̀. Fọ́tò yẹn àti òòyà yẹn bá mi wọ bàálù.

Ọkọ mi ti ṣáájú mi dé Atlanta, ó ń wa ọkọ̀ ẹrù, mo sì bá a. Mo kọ́kọ́ bá obìnrin ará Senegal kan ṣiṣẹ́ ní Marietta, lẹ́yìn náà mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré tèmi ní Lithonia, láàárín ilé ìfọṣọ àti ibi tí wọ́n ti ń ta apá adìẹ díndín. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, òwú dúdú, òróró àgbọn àti òòyà ni gbogbo irinṣẹ́ wa. Mo dé ibí, mo bá wúùlù, mo bá irun oríṣiríṣi nínú ọ̀rá. Nígbà kan, iná ni a fi ń jó ṣóńṣó irun kó má tú, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á máa rùn. Nígbà tó yá, omi gbígbóná ló gba ipò iná. Nísinsìnyí irun ti máa ń wá ní nínà tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń di èyí tí kò ní kókó nídìí, tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irun olórí fúnra rẹ̀. Wọ́n ní tuntun ni. Mo kàn rẹ́rìn-ín. Ohun tí Ìyá Rẹ̀mí ń lé kiri ní Òkè-Àdó nìyẹn, pé kó má fa awọ orí. Irinṣẹ́ ń yí padà, orí kò yí padà.

Ní ṣọ́ọ̀bù Lithonia yẹn ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tèmi ti wá bá mi. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ní Conyers ni, ibí ni wọ́n bí i sí. Ó wà ní college, wọ́n fẹ́ kó ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n irun ló wà lọ́kàn rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ dà bí ẹni ń rìn lórí yìnyín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Mo gbé irun títú fún un. Ó fajú ro.

"Aunty, when do I actually braid?"

"Nígbà tó o bá mọ̀ ọ́n tú."

"But I watched everything online already."

"Online ò ní orí tó ń dunni. Tú u."

Ó tú u. Ọmọ náà ní sùúrù ju èmi lọ nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ̀, mi ò kàn sọ fún un ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́. Ọjọ́ Friday ni, tí ilé ìwé fẹ́ wọlé ní Monday. Ṣọ́ọ̀bù kún. Àwọn ọmọ mẹ́ta wà lórí àga, irun wọn dé ààbọ̀. Obìnrin kan wọlé, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò kiri. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe. Mo kí i káàbọ̀, mo fà á jókòó, kó tó sọ̀rọ̀ ìka mi ti wà nínú irun rẹ̀, mo ń wo bí ìdí rẹ̀ ṣe rí. Ó bèèrè ta ló ni ṣọ́ọ̀bù. Mo ní èmi ni, má ṣèyọnu, orí rẹ máa dára. Ìgbà yẹn ló yọ káàdì iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Wolé-wolé ìjọba ni.

Ó ní òun fẹ́ rí láísẹ́ńsì mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn. Mo rò pé ó ń bèèrè bóyá mo kọ́ iṣẹ́ yìí. Mo mú un lọ́wọ́, mo mú un lọ sí ara ògiri, mo fi fọ́tò fríìdọ́ọ̀mù mi hàn án. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: ẹni tó jókòó yẹn ni ọ̀gá mi, èmi nìyí lórí orúnkún, ó fi orí sùn, kò dùn ún. Obìnrin náà fara balẹ̀ gbọ́ mi, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní fọ́tò náà dára gan-an. Ó ní kì í ṣe láísẹ́ńsì.

Òfin ìgbà náà ni pé ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan irun ẹlòmíràn láti ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ilé ẹ̀kọ́ náà pẹ́. Wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gé irun, bí wọ́n ṣe ń fi kẹ́míkà jó o, bí wọ́n ṣe ń pa á láró, títí kan èékánná. Irun dídì nìkan ni kò sí níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí n lọ kọ́ ohun tí mi ò ní ṣe láéláé, kí n tó lè ṣe ohun tí mo ti mọ̀. Wolé-wolé náà ti ṣọ́ọ̀bù pa. Àwọn ìyá ọmọ mẹ́ta náà ń wò mí, ọmọ wọn ní ààbọ̀ orí.

Inú ọkọ̀ van mi, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì, ni èmi àti Tèmi ti parí orí àwọn ọmọ náà. A ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ojú tì mí. Oníṣẹ́ ni mí, mo sì ń fara pamọ́ bí ẹni jí nǹkan.

Lẹ́yìn ìyẹn mo jókòó sílé. Mi ò gbé fóònù. Ẹni tó wá gbé mi dìde ni Dókítà Adéọlá, oníbàárà mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní college kan nínú Atlanta. Kì í ṣe dókítà alábẹ́rẹ́ o, ti ìwé ni. Irun rẹ̀ pọ̀, dídì rẹ̀ a máa gba ọjọ́ kan gbáko, ó sì máa ń sọ ìtàn fún mi láti àárọ̀ títí tí mo fi máa dé ìpàkọ́. Ẹnìkan wà tó fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn rẹ̀, ọkùnrin òyìnbó kan ní ilẹ̀ England láyé àtijọ́. Orúkọ rẹ̀ kò dúró lẹ́nu mi rí, nítorí náà Bàbá Oníbúrẹ́dì ni mo sọ ọ́.

Dókítà wọlé, ó rí mi lórí àga pẹ̀lú ìborí, ó jókòó.

"Àǹtí Ṣadé, ṣé ẹ rántí Bàbá Oníbúrẹ́dì yín?"

"Ọkùnrin yẹn ò lè bá mi ṣí ṣọ́ọ̀bù."

"Ọmọ àgbẹ̀ ni. Oko bàbá rẹ̀ bàjẹ́, wọ́n rán an lọ boarding school kan tí ìyà ti jẹ ẹ́ gidi. Nígbà tó dàgbà, aṣọ ló ń gbé kiri, from town to town. Nígbà tó yá ó ní ilé iṣẹ́ tiẹ̀ tí wọ́n ti ń tẹ àwọ̀ sára aṣọ. He was fine, Àǹtí. Ó ti yọ. Ó lè jókòó ti aṣọ rẹ̀."

"Títí ọ̀rọ̀ búrẹ́dì fi dé."

"Law wà nígbà yẹn. Tí àlìkámà bá ń bọ̀ láti ìlú mìíràn, wọ́n á gbé owó ibodè lé e lórí, kí àwọn tó ni ilẹ̀ lè máa ta tiwọn ní ọ̀wọ́n. So búrẹ́dì wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ ò yó. Ó ní kí wọ́n ṣí ibodè. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rẹ́ kan, ìyàwó ọ̀rẹ́ náà kú. Ó lọ kí i. Lẹ́yìn tó kí i tán, ó sọ fún un pé kó sunkún rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá tó àkókò, kó dìde tẹ̀lé òun, nítorí ebi wà nílé àwọn èèyàn. Àwọn méjèèjì ò sinmi títí law yẹn fi kúrò."

Dókítà wo ìborí mi, ó ní, "Àti pé Àǹtí, ọkọ yín ò kú. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n tì."

Ọkọ mi tó wà ní kíṣìnì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì ṣí ìborí kúrò lórí.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, a kó àwa onídìrí jọ: ọmọ Nàìjíríà, ará Senegal, ará Ghana, àwọn dúdú ibí náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a mú lọ́wọ́: ẹ jẹ́ kí onídìrí di irun. Dókítà ní bí Bàbá Oníbúrẹ́dì ṣe ṣe é nìyẹn, bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ mìíràn wá, orí búrẹ́dì ló ń padà sí. A rí aṣòfin obìnrin kan tó gbà láti gbé e wọ ilé aṣòfin, ilé tí wọ́n fi wúrà bo orí rẹ̀ ní downtown Atlanta.

Nígbà náà gan-an ni Tèmi wá bá mi. Ó ti mọ iṣẹ́, ó mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

"Aunty, mo ti ready. Ẹ fún mi ní freedom mi."

"Mi ò lè fún ọ."

"Why? Ṣé ọwọ́ mi ò dáa?"

"Ọwọ́ rẹ dáa ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kó o dìde lónìí, ibo lo fẹ́ dìde lọ? Inú van? Èmi tí mo ń fara pamọ́, kí ni mo fẹ́ fún ọ?"

Ó sunkún. Ìyá rẹ̀ pè mí láti Conyers, ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ ní gbangba: bí òfin yìí kò bá yí padà títí ọdún tó ń bọ̀, Tèmi ń padà sí kíláàsì nọ́ọ̀sì. Mi ò dá a lẹ́bi. Ìyá wo ló fẹ́ kí ọmọ òun kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́? Láti ọjọ́ yẹn, mi ò jà nítorí ara mi mọ́. Mo fẹ́ ọjọ́ kan tí ọmọ yẹn á dìde lórí orúnkún rẹ̀, tí yóò sì ní ibi tí yóò dìde sí.

Lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n pè mí kí n wá bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀. Mo wọ ìró àti bùbá, mo wé gèlè, mo mú òòyà Ìyá Rẹ̀mí lọ́wọ́. Mo sọ ìtàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi láti ilẹ̀ gbígbá dé fríìdọ́ọ̀mù. Bàbá aṣòfin kan bi mí tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé bí wọ́n bá fi wá sílẹ̀, ta ni yóò máa ṣọ́ àwọn oníbàárà? Mo ní èmi ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọmọlúàbí, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ibẹ̀ ló kú sí lọ́dún yẹn.

Nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń bọ̀, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ dá wa dúró lórí I-20, kò sí ibi tí mo fẹ́ sá sí. Mo ní, "Wọ́n ò gbọ́ mi."

Dókítà ní, "Wọ́n gbọ́ yín, Àǹtí. Ẹ̀yin lẹ ń dá ara yín láre, that's the problem. Ta ni Bàbá Oníbúrẹ́dì kó jọ? Ṣé àwọn tó ń ta àlìkámà ni?"

"Àwọn tó ń jẹun ni."

"Ehen."

Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àwọn àgbà sì ti sọ fún wa tipẹ́ pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Mo ti ń fi òwe yẹn bá ìjọba wí kiri, pé wọ́n ṣòfin irun láìpe onídìrí. Ó wá yé mi pé èmi náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọdún ni mo fi ń sọ̀rọ̀ orí, mi ò sì mú olórí kankan dání.

Ọdún kejì, a yí ọwọ́ padà. A wọ ṣọ́ọ̀ṣì dé ṣọ́ọ̀ṣì, a kò wá onídìrí mọ́, àwọn tí à ń dìrí fún ni a wá. Lẹ́yìn ìsìn, n óò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá rí orí tó dára, n óò ní, "Ọmọ mi, ta ló dì í?" Wọn á sọ fún mi. N óò ní, "Ṣé o lè wá sọ bẹ́ẹ̀ ní downtown?" Àwọn kan sá. Púpọ̀ ò sá. Àwọn nọ́ọ̀sì Marietta wá, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní warehouse ní Conyers pààrọ̀ shift kí wọ́n lè wá, àwọn ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ Lithonia kó ọmọ wọn dání. Lára àwọn ọmọ yẹn ni ọ̀kan nínú àwọn tí a parí orí wọn nínú van wà, ó ti ga.

Nígbà tí a wọ inú yàrá yẹn, orí ló kún ibẹ̀. Ṣùkú, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, èyí tó gùn dé ìdí, èyí tó kúrú létí. Èmi jókòó lẹ́yìn, Dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ la ẹnu. Ẹ wo èmi, tí mo dákẹ́! Ọkọ mi kò gbà á gbọ́ títí di òní.

Nọ́ọ̀sì kan láti Marietta ló sọ̀rọ̀, oníbàárà mi àtijọ́, ọmọ dúdú ibí. Bàbá aṣòfin ti èṣí tún wà níbẹ̀, ó tún gbé ìbéèrè rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn, pé ǹjẹ́ àwọn onídìrí wọ̀nyí ti pa nọ́ọ̀sì náà lára rí? Nọ́ọ̀sì náà ronú. Ó ní iṣẹ́ òun gba kí òun de fìlà mọ́rí láti àárọ̀ dé alẹ́, àti pé ibòmíràn ni wọ́n ti ba iwájú orí òun jẹ́, kì í ṣe ọ̀dọ̀ onídìrí. Ó wá sọ pé, "Sà, tí obìnrin tó wà lẹ́yìn yẹn bá ti parí, mo máa ń gbàgbé pé mo ní irun lórí."

Ta ló sọ fún un? Mi ò sọ ọ́ fún un rí. Ní gbogbo ọdún tó ti ń jókòó lórí àga mi, mi ò sọ ọ̀rọ̀ Ìyá Rẹ̀mí fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹkún gbọ̀n mí. Tèmi di ọwọ́ mi mú, ó rò pé inú ń bí mi ni.

Bàbá náà kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní òun ò ní ìbéèrè mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú yàrá yẹn, ó dé ilé kìíní, ó dé ilé kejì, gómìnà sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ń dìrí láìfi kẹ́míkà kàn án lè máa ṣe é ní gbangba. Wolé-wolé lè máa wá wo ìmọ́tótó wa, ìyẹn dára, kí ó máa bọ̀. Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé, ilẹ̀ tí mo jó sí nínú ilé ìfọṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, kí wọ́n máa fi hàn yín. Mo pariwo. Àwọn tó ń ká aṣọ bá mi pariwo láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Dókítà ní nígbà tí wọ́n ṣí ibodè fún búrẹ́dì ní England, bí wọ́n ṣe yọ̀ náà nìyẹn. Mo ní kó má parọ́, òyìnbó ò lè jó tó mi.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé fọ́tò mi padà sára ògiri. Ní ọjọ́ Friday tó tẹ̀lé e, mo jókòó, mo ní kí Tèmi wá di orí mi. Kò bèèrè ìdí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú u, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo fi sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Saturday, ìyá rẹ̀ ti dé láti Conyers pẹ̀lú ìrẹsì nínú cooler. Dókítà wà níbẹ̀, ọkọ mi wà níbẹ̀, àwọn oníbàárà ti jókòó. A gbé fóònù lé orí dígí, Ìyá Rẹ̀mí sì wà nínú rẹ̀ láti Ìbàdàn, ó ti darúgbó, ó ń fi ojú kan sún mọ́ fóònù. Tèmi kúnlẹ̀. Mo kí gbogbo èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bèèrè tíì. Mo ń mu ún díẹ̀díẹ̀.

Ìyá Rẹ̀mí ní, "Fọláṣadé, má pẹ́ jù. Orúnkún ọmọ Amẹ́ríkà ò le."

"Ẹ ò kánjú nígbà tèmi, mà."

"Yí orí rẹ síbí kí n rí i." Mo yí i. Ó wò ó pẹ́. Obìnrin yìí kò yin iṣẹ́ mi lójú mi rí, láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. "Hùn-ún," ló wí. "Ọwọ́ tó dì í yìí, mo mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ tèmi ni."

Mo gbé ife tíì sílẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ láti ìgbà tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù yìí, ọ̀rọ̀ gígùn, ti Bàbá Oníbúrẹ́dì wà nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo wo ọmọ náà nílẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún omi, kò tíì mọ ohun tí n óò wí.

"Mo sùn," ni mo wí. "Títí tí mo fi ń fọ ojú láàárọ̀ yìí, mo gbàgbé rẹ̀. Dìde, Tèmi. Oníṣẹ́ ni ọ́."

Mo fi òòyà onígi náà lé e lọ́wọ́. Ọkọ mi yà á ní fọ́tò bí ó ṣe ń dìde, orúnkún kan ṣì wà nílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ fọ́tò tèmi lára ògiri ni a gbé e kọ́. Ìyá rẹ̀ ń sunkún, ó ti ń ṣí ìrẹsì. Tèmi nu ojú, ó nu orúnkún, ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó yíjú sí àwọn tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu sí títì, ó ní:

"Okay. Who's next?"